Mogbọ́-moyà Hockenheim: Hans Heyer àti ìyípo mẹ́sàn-án ọdún 1977

Nínú ìwé èsì eré-ìje ọkọ̀ Formula 1 tí wọ́n sá ní Jámánì lọ́jọ́ 31 oṣù Keje ọdún 1977, orúkọ kan wà níbẹ̀ tí kò yẹ kó wà níbẹ̀ rárá. Hans Heyer ni. Kò yege nínú ìdánwò tí wọ́n fi ń mọ ẹni tí yóò sá, síbẹ̀ ó sá. Bó ṣe ń sá lọ, ọkọ̀ bà jẹ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, kò lè parí. Lẹ́yìn náà làwọn aláṣẹ tún fagi lé orúkọ rẹ̀. Kò yege, kò parí, wọ́n sì lé e: gbogbo rẹ̀ nínú eré-ìje kan ṣoṣo. Kò tún sí awakọ̀ mìíràn nínú ìtàn Formula 1 tí wọ́n mọ̀ pé irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí.

Àwọn tó ń fi ọ̀rọ̀ náà pa ẹ̀rín máa ń sọ ọ́ bí ẹni pé ọmọdé kan tí kò mọ òfin ló ṣìnà wọ ojú ọ̀nà. Irọ́ ni. Ẹni ọdún 34 ni Heyer lọ́jọ́ náà. Ó ti gba ife-ẹ̀yẹ Yúróòpù lẹ́ẹ̀kan, ó sì ti gba ti Jámánì lọ́dún méjì tẹ̀léra. Ó mọ òfin dáadáa, ó mọ ẹni tó yẹ kó sá àti ẹni tí kò yẹ. Èrò tèmi ni pé ìwà tó hù lọ́jọ́ yẹn kò yàtọ̀ sí ìwà tó sọ ọ́ di àgbà nínú eré-ìje ọlọ́pọ̀ wákàtí. Ibi tó ti hù ú nìkan ló yàtọ̀. Ká tó lè rí i bẹ́ẹ̀, a ní láti mọ ibi tí ọkùnrin náà ti ń bọ̀.

Mönchengladbach ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 16 oṣù Kẹta ọdún 1943, ìlú kan ní ìwọ̀ oòrùn Jámánì tí kò jìnnà sí ẹnubodè Netherlands. Inú go-kart ló ti bẹ̀rẹ̀, ọkọ̀ kékeré tí ìdí awakọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ máa wọ́ ilẹ̀, ó sì pẹ́ nínú rẹ̀ gan-an, ó gba ife níbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà kí ó tó di pé ẹnikẹ́ni gbọ́ orúkọ rẹ̀ nínú ọkọ̀ ńlá. Ẹni tó bá dàgbà nínú go-kart máa ń mọ ohun kan ju gbogbo ohun mìíràn lọ: bí àlàfo bá ṣí níwájú rẹ, o kò ní àkókò láti rò ó. Kó o tó rò ó tán, ẹlòmíràn ti wọ ibẹ̀.

Ọdún 1971 ni ayé kọ́kọ́ wò ó dáadáa. Ilé iṣẹ́ kékeré kan tó ń jẹ́ AMG, tí Hans Werner Aufrecht àti Erhard Melcher dá sílẹ̀ ní 1967, mú ọkọ̀ Mercedes 300 SEL, ọkọ̀ àwọn ọ̀gá ilé iṣẹ́ àti àwọn mínísítà, wọ́n fẹ ẹ́ńjìnnì rẹ̀ láti lítà 6.3 sí 6.8, wọ́n fún un ní agbára ẹṣin 428, wọ́n kùn ún ní pupa, wọ́n sì gbé e lọ sí Spa ní Bẹ́ljíọ̀mù fún eré-ìje wákàtí 24. Ìyípo Spa ìgbà náà lé ní kìlómítà 14, ojú títì gbogbo ènìyàn ló sì pọ̀ jù nínú rẹ̀, ó gba iwájú ilé, ó gba ẹ̀gbẹ́ oko. Hans Heyer àti Clemens Schickentanz ni wọ́n fi ọkọ̀ náà lé lọ́wọ́.

Mo fẹ́ràn ọkọ̀ yẹn ju bó ṣe yẹ lọ, ẹ jọ̀ọ́ ẹ fojú fò mí. Ó wúwo ju tọ́ọ̀nù kan àbọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn Ford Capri àti àwọn ọkọ̀ pẹlẹbẹ mìíràn tó wà níbẹ̀, ńṣe ló dà bí ẹni pé wọ́n gbé ọkọ̀ ìgbéyàwó wá síbi eré-ìje. Ó ń mu epo, ó ń jẹ táyà, búréèkì ń jó. Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín nígbà tí wọ́n rí i. Nígbà tí wákàtí 24 pé, ipò kejì ló wà nínú gbogbo ọkọ̀, ipò kìíní sì ni nínú ẹgbẹ́ tirẹ̀. Capri tí Dieter Glemser àti Alex Soler-Roig wà nìkan ló ṣáájú rẹ̀. Alẹ́ ọjọ́ yẹn ni gbogbo Jámánì mọ̀ pé AMG wà láyé. Ọkọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò pẹ́ nínú eré-ìje; wọ́n tà á fún ilé iṣẹ́ Matra ní Faransé, tó fi ń dán àwọn ohun èlò ọkọ̀ òfuurufú wò nítorí pé ó lè sáré bíi ti ọkọ̀ òfuurufú tó fẹ́ gbéra.

Ohun tí Heyer ṣe ní Spa yẹn kì í ṣe pé ó sáré ju ẹnikẹ́ni lọ. Ó gbà pé ọkọ̀ tí òun wà nínú rẹ̀ kì í ṣe irú tó yẹ kó wà níbẹ̀, ó sì wà níbẹ̀ títí eré fi tán. Ẹ fi èyí sọ́kàn.

Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sọ́wọ́ Erich Zakowski, mẹkáníìkì kan tó ní ilé iṣẹ́ ní Niederzissen, kò jìnnà sí Nürburgring, tó ń tún ọkọ̀ Ford ṣe lábẹ́ orúkọ Zakspeed. Ọkọ̀ tí wọ́n fún Heyer níbẹ̀ ni Ford Escort, ọkọ̀ kékeré, ẹ́ńjìnnì lítà méjì. Ní 1974 ó fi gba ife àwọn awakọ̀ ọkọ̀ ilé, irú ọkọ̀ tí ènìyàn ń wà lójú títì, ní gbogbo Yúróòpù. Ní 1975 àti 1976 ó fi gba ti Jámánì, ìyẹn ìdíje tí wọ́n ń pè ní DRM.

Ìdíje DRM yẹ fún àlàyé díẹ̀, nítorí òun ló ṣí ojú àwọn ará Jámánì sí irú eré-ìje yìí lẹ́yìn tí wọ́n dá a sílẹ̀ ní 1972. Ìpele méjì ló ní: ìpele àwọn ọkọ̀ tí ẹ́ńjìnnì wọn tóbi àti ìpele àwọn tí tiwọn kéré. Ìpele kọ̀ọ̀kan ń sá eré tirẹ̀, ẹni tó bá sì ṣe dáadáa nínú ìpele kékeré ń gba máàkì bíi ti ẹni tó ṣe dáadáa nínú ìpele ńlá. Ìdí nìyẹn tí ẹni tó ń wa Escort fi lè di ọ̀gá lórí ẹni tó ń wa Porsche. Àwọn kan kò gba irú ìṣirò yìí títí dòní, wọ́n ní eré-ìje ni eré-ìje, ẹni tó bá kọ́kọ́ dé ló borí. Èmi rò pé ó dára bẹ́ẹ̀. Ó mú kí awakọ̀ tó gbọ́n, tí kì í ba ọkọ̀ jẹ́, tó ń kó máàkì jọ díẹ̀díẹ̀, rí èrè iṣẹ́ rẹ̀. Heyer sì gbọ́n.

Fìlà ni àwọn òǹwòran fi ń dá a mọ̀. Fìlà àwọn ará òkè Tyrol, irú èyí tí àwọn ọdẹ ibẹ̀ máa ń dé. Ibikíbi tí kò bá ti dé akoto awakọ̀, fìlà yẹn ló wà lórí rẹ̀, ì báà jẹ́ níwájú oníròyìn, ì báà jẹ́ níbi tí wọ́n ti ń gba ife. Àwọn awakọ̀ Formula 1 ìgbà náà ní irun gígùn àti awò dúdú. Heyer dà bí àbúrò bàbá ẹni tó wá wo ilé. Àwọn ará Jámánì fẹ́ràn rẹ̀ fún ìyẹn.

Ká wá sí ọdún 1977.

Ní ọjọ́ kìíní oṣù Kẹjọ ọdún 1976, Niki Lauda, ará Austria tó ń wa Ferrari, forí gbá ní Nürburgring, ọkọ̀ rẹ̀ gbiná, ó kù díẹ̀ kó kú. Ojú ọ̀nà Nürburgring àtijọ́ gùn tó kìlómítà 22.8 nínú igbó àti lórí òkè. Kò sí bí àwọn panápaná ṣe lè tètè dé ibi gbogbo. Àwọn awakọ̀ mìíràn tí wọ́n jọ ń sá ni wọ́n wọ inú iná fà á jáde. Lẹ́yìn ìyẹn, Formula 1 kò padà sí ojú ọ̀nà gígùn yẹn mọ́. Hockenheim ni wọ́n gbé eré-ìje Jámánì lọ ní 1977: kìlómítà 6.789, ó tẹ́jú, ọ̀nà tààrà gígùn nínú igbó, àti apá kan tó dà bí pápá ìṣeré bọ́ọ̀lù níbi tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún òǹwòran ti lè rí ọkọ̀ tó ń kọjá. Ẹ ó rí i pé ìrísí ibẹ̀ ní ipa nínú ọ̀rọ̀ yìí.

Ẹgbẹ́ tó fún Heyer lọ́kọ̀ ni ATS. Günter Schmid ló ni ín, oníṣòwò ará Bad Dürkheim tó ń ṣe rìímù ọkọ̀. Ọ̀nà tó gbà wọ Formula 1 rọrùn: nígbà tí ẹgbẹ́ Penske ti Amẹ́ríkà kúrò nínú eré náà ní ìparí 1976, ó ra àwọn ọkọ̀ PC4 wọn. Ọkọ̀ náà kì í ṣe ọkọ̀ burúkú. John Watson ti fi irú rẹ̀ borí ní Austria ní 1976, ó sì ti bá Roger Penske, ọ̀gá ẹgbẹ́ náà, ta á pé bí òun bá borí òun yóò fá irùngbọ̀n òun. Ó fá a. Nígbà tí Jean-Pierre Jarier, ará Faransé, sì fi PC4 sá fún ATS fún ìgbà àkọ́kọ́ ní Long Beach ní 1977, ipò kẹfà ló dé, ó gba máàkì. Ṣùgbọ́n ọkọ̀ ọdún tó kọjá ni. Bí ọdún ti ń lọ ni àwọn tó kù ń tún tiwọn ṣe, PC4 kò sì yí padà.

Nígbà tí eré-ìje Jámánì súnmọ́, Schmid pèsè ọkọ̀ kejì. Èmi kò rí ìdí mìíràn tí oníṣòwò Jámánì tó ń ta rìímù fún àwọn ará Jámánì yóò fi fi ọkọ̀ kejì sílẹ̀ ju pé kí awakọ̀ Jámánì tí gbogbo ènìyàn mọ̀ wà nínú rẹ̀. Wọ́n kọ nọ́ḿbà 35 sí i lára. Heyer kò tíì wa Formula 1 nínú ìdíje rí. Ẹ́ńjìnnì Cosworth lítà mẹ́ta ló wà lẹ́yìn rẹ̀, kò sí òrùlé lórí rẹ̀, táyà ẹ̀yìn tóbi bí àgbá, bẹ́ẹ̀ inú Escort ló ti ń bọ̀.

Ọkọ̀ 30 ló wá du àyè 24. Lẹ́yìn ìdánwò, ipò 27 ni Heyer wà. Kì í ṣe ìtìjú. Emerson Fittipaldi, ọmọ Brazil tó ti gba ife àgbáyé ní 1972 àti 1974, náà wà lára àwọn tí kò ráyè lọ́sẹ̀ náà, nínú ọkọ̀ ẹgbẹ́ tí òun àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ dá sílẹ̀. Òfin sì gbà pé kí àwọn mélòó kan tó kù díẹ̀ fún dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ gẹ́gẹ́ bí adúródeni: bí ọkọ̀ ẹnì kan bá bà jẹ́ kí eré tó bẹ̀rẹ̀, ẹni tó kàn á bọ́ sípò rẹ̀. Adúródeni kẹta ni Heyer. Ìyẹn ni pé ọkọ̀ mẹ́ta gbọ́dọ̀ kọ̀ láti sá kí ó tó kàn án. Kò sí ẹni tó retí irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

Síbẹ̀, ó múra. Ọjọ́ Àìkú, ó wọ aṣọ eré-ìje, ó dé akoto, ó wà nínú ọkọ̀ ní ọ̀nà tó ti ibi àwọn mẹkáníìkì já sí ojú eré. Ẹ́ńjìnnì ń ṣiṣẹ́. Nínú eré-ìje wákàtí 24, bí wọ́n ṣe ń kọ́ ènìyàn nìyẹn: tí kò bá tíì tó àkókò rẹ, múra. Ẹnì kejì rẹ lè dé nígbàkigbà pẹ̀lú táyà tó bẹ́, kí wọ́n ní kó o wọlé ní ìṣẹ́jú kan náà. Ẹni tó bá ń wá ìbọ̀wọ́ rẹ̀ nígbà yẹn ti pàdánù ìyípo kan.

Jody Scheckter ti South Africa ló wà níwájú ìlà, nínú ọkọ̀ Wolf. Bí wọ́n ṣe ní kí wọ́n máa lọ, gbogbo ọkọ̀ ya lọ. Lẹ́yìn nínú ìlà, Alan Jones nínú Shadow àti Clay Regazzoni nínú Ensign forí gbára. Ọkọ̀ méjèèjì bà jẹ́, eré tán fún wọn níbẹ̀. (Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà ni Jones borí eré Formula 1 fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé rẹ̀, ní Austria. Báyìí ni eré yẹn ṣe rí.) Irin fọ́ káàkiri, eruku gba ojú ọ̀nà, àwọn òṣìṣẹ́ ojú eré sáré lọ síbẹ̀. Gbogbo ojú wà lára ọkọ̀ méjì tó fọ́.

Àkókò yẹn ni Heyer tẹ̀ ẹ́.

Ó bọ́ sójú eré láti ẹ̀gbẹ́, ó tẹ̀lé àwọn tó ti lọ. Ẹnikẹ́ni kò dá a dúró. Wọ́n máa ń sọ pé àwọn òṣìṣẹ́ Hockenheim mọ̀ ọ́n dáadáa láti inú DRM, pé bí ẹnì kan tilẹ̀ rí i, ojúlùmọ̀ wọn ni wọ́n rí. Ìyẹn bọ́gbọ́n mu létí mi, nítorí pé àwọn kan náà ló ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ nígbà tí ó bá wá fi Escort sá. Mogbọ́-moyà tí àwọn tó ń ṣọ́ ẹnu ọ̀nà mọ orúkọ rẹ̀ kì í jẹ́ mogbọ́-moyà pátápátá.

Ẹ wo ìrònú tó wà níbẹ̀. Adúródeni kẹta ni, òun náà mọ̀. Ọkọ̀ méjì ló jáde, kì í ṣe mẹ́ta. Wọ́n sì jáde lẹ́yìn tí eré ti bẹ̀rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kí eré tó bẹ̀rẹ̀ ni òfin adúródeni wà fún. Nítorí náà kò sí ọ̀nà kankan tí a fi lè ka òfin náà tí yóò fi gbè é. Àwọn tó ń sọ pé àṣìṣe ni, pé ó rò pé ó ti kan òun, kò kà á dáadáa. Ó rí àlàfo, ó wọ̀ ọ́.

Ohun tó tẹ̀ lé e ló mú ọ̀rọ̀ náà dùn. Ó wà níbẹ̀. Ìyípo kìíní, ìkejì, ìkẹta. Ó ń wa ọkọ̀ Formula 1 láàárín Lauda, Scheckter, James Hunt, Mario Andretti, níwájú àwọn ará ilé rẹ̀, ní ojú ọ̀nà tí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ti lè rí nọ́ḿbà 35 bó ti ń kọjá. Ó dá mi lójú pé àwọn òǹwòran kan ní ìwé ètò lọ́wọ́ tí orúkọ rẹ̀ kò sí lára àwọn tó ń sá, tí wọ́n sì ń wo ara wọn lójú. Kì í ṣe àsíá dúdú, èyí tí wọ́n fi ń pe awakọ̀ kúrò lójú eré, ló mú un kúrò. Ní ìyípo kẹsàn-án, ọ̀pá tó so ọwọ́ jíà mọ́ àpótí jíà ló kọ̀ fún un. Kò rí jíà fi sí mọ́. Ó kúrò lójú ọ̀nà lẹ́yìn nǹkan bí kìlómítà 61.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n fagi lé orúkọ rẹ̀.

Èmi gbà pé ohun tó yẹ kí wọ́n ṣe nìyẹn, n kò sì ní gbèjà rẹ̀ níbẹ̀. Òfin iye ọkọ̀ kì í ṣe eré. Wọ́n fi 24 sí i nítorí pé ojú ọ̀nà ní iye tó lè gbà láìléwu, àwọn márùn-ún mìíràn tí kò yege sì jókòó sílé bí òfin ṣe wí. Ọdún kan péré ni eré yẹn fi jìnnà sí iná Lauda. Wọ́n sá kúrò ní Nürburgring nítorí ààbò, kí awakọ̀ tí kò sí nínú ìwé tún wá máa sá lẹ́yìn ìjàǹbá ní ibi tuntun náà. Bí ó bá kọ lu ẹnì kan, a kì bá tí máa rẹ́rìn-ín lónìí.

Ṣùgbọ́n ẹ̀bi kì í ṣe tirẹ̀ nìkan. Ẹgbẹ́ ATS wà níbẹ̀. Ọkọ̀ Formula 1 kì í dédé gbéra, àwọn mẹkáníìkì ló ń tan ẹ́ńjìnnì rẹ̀, àwọn ló ń tì í sí ipò. Àwọn aláṣẹ náà wà níbẹ̀, wọ́n ń ka ìyípo, wọ́n ní láti kọ nọ́ḿbà ọkọ̀ kọ̀ọ̀kan bó bá ti kọjá. Kí ọkọ̀ kan tí kò sí nínú ìwé kọjá níwájú ẹni tó ń kà títí ìyípo mẹ́sàn-án kò jẹ́ kí ó ṣòro láti mọ bí ètò ìgbà náà ṣe rí. Lóde òní, ẹ̀rọ kékeré tó wà lára ọkọ̀ yóò ti kígbe kí ó tó dé igun àkọ́kọ́.

Eré náà fúnra rẹ̀ parí láìsí i. Ìyípo 47 ni gbogbo rẹ̀. Lauda ló borí, ní ilẹ̀ Jámánì, ó ku ọjọ́ kan kí ó pé ọdún tí iná jó o. Scheckter ṣe kejì. Hans-Joachim Stuck, ọmọ Jámánì, ṣe kẹta nínú Brabham. Kí ẹ sì wò ó o: Stuck ló gba ife DRM ní ọdún àkọ́kọ́ rẹ̀, 1972. Inú ọkọ̀ ilé kan náà tí Heyer ti wá ni òun náà ti wá.

Heyer kò tún sá nínú Formula 1 mọ́. Kò dà bí ẹni pé ó ká a lára. Ilé tirẹ̀ ń dúró dè é, ilé náà sì tóbi. Ní 1980 ó gba ife DRM lẹ́ẹ̀kẹta, lọ́tẹ̀ yìí nínú Lancia Beta Montecarlo, ọkọ̀ pẹlẹbẹ tí ẹ́ńjìnnì tọ́bò rẹ̀ kò tó lítà kan àbọ̀. Ní ọdún kan náà, òun àti Riccardo Patrese, ọ̀dọ́ ará Ítálì tó ń sá Formula 1 nígbà náà, borí eré-ìje wákàtí mẹ́fà ní Watkins Glen ní Amẹ́ríkà, eré kan lára èyí tó jẹ́ kí Lancia gba ife àgbáyé àwọn ilé iṣẹ́ ọkọ̀ ní 1980.

Lẹ́yìn náà ni Spa, ibi tí ọkọ̀ pupa AMG ti sọ ọ́ di ènìyàn. Ojú ọ̀nà ibẹ̀ ti yí padà. Láti 1979 wọ́n ti gé e kù sí nǹkan bí ìdajì. Ní 1982, òun, Armin Hahne àti Eddy Joosen gba wákàtí 24 níbẹ̀ nínú BMW 528i. Ní 1983, òun, Hahne àti Thierry Tassin tún gbà á, nínú BMW 635 CSi. Ní 1984 ó kúrò nínú BMW, ó bọ́ sínú Jaguar XJS tó ní ẹ́ńjìnnì onísílíńdà méjìlá, ọkọ̀ tí Tom Walkinshaw ará Scotland ń bójú tó tí òun fúnra rẹ̀ sì ń wà. Pẹ̀lú Walkinshaw àti Win Percy, ó gbà á lẹ́ẹ̀kẹta. Ọdún mẹ́ta tẹ̀léra, ọkọ̀ mẹ́ta ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀. Kí ẹnì kan borí Spa lẹ́ẹ̀kan, àyànmọ́ lè wà níbẹ̀. Kí ó borí lẹ́ẹ̀mẹ́ta tẹ̀léra, kí ó sì pààrọ̀ ọkọ̀ lẹ́ẹ̀méjì, ìyẹn fi hàn pé awakọ̀ ni kì í ṣe ọkọ̀. Nínú gbogbo ohun tó ṣe láyé eré-ìje, èyí ni mo rò pé ó ju gbogbo rẹ̀ lọ, òun náà sì ni àwọn ènìyàn kì í sọ.

Lọ́dún 1984 kan náà, ó lọ sí Florida fún wákàtí 12 Sebring. Ojú ọ̀nà pápá ọkọ̀ òfuurufú àtijọ́ nìyẹn, kọ́ńkéré tó ti là, tó ń gbọn ọkọ̀ títí yóò fi já. Porsche 935 tó ti ń darúgbó ni wọ́n fi sá, òun, Mauricio de Narváez ará Colombia, àti Stefan Johansson ará Sweden. Àwọn ọkọ̀ tuntun tó yára ju tiwọn lọ wà níbẹ̀. Wọ́n borí. Ẹni tí a ti mọ̀ láti Spa ọdún 1971 ni: fún un ní ọkọ̀ tí kì í ṣe tuntun, jẹ́ kí eré náà gùn, kó o sì máa wò ó.

Le Mans, eré-ìje wákàtí 24 ti Faransé, nìkan ni kò gbà fún un. Ó lọ síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà, kò gbà á rí. Ohun ìyanu ni, nítorí pé bí eré kan bá wà tó yẹ kó bá ìwà rẹ̀ mu, òun ni.

Ní ti ìyípo mẹ́sàn-án ti Hockenheim, àwọn tó ń kó ìṣirò Formula 1 jọ ṣì ń bá a fà á. Àwọn kan kà á mọ́ àwọn tó ti sá Formula 1, nítorí pé ó sá, gbogbo ènìyàn rí i. Àwọn mìíràn fi òdo sí iwájú orúkọ rẹ̀, nítorí pé ẹni tí òfin kò mọ̀ kò lè ní eré kankan. Èmi wà lẹ́yìn àwọn ti kejì. Ṣùgbọ́n bí wọ́n bá ní kí n kọ ìtàn eré-ìje ọkọ̀ ilé ní Yúróòpù láàárín 1970 sí 1985, orúkọ Heyer yóò wà ní ojú ìwé àkọ́kọ́, Hockenheim 1977 kò sì ní gbà ju ìlà méjì lọ níbẹ̀.